Obìnrin Tó Ń Sọdá Títì Nínú Ẹ̀rọ

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dírẹ́bà bọ́ọ̀sì níṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì gidi níbẹ̀, yóò kọ́kọ́ jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn, lórí àga dírẹ́bà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àtijọ́. Sítíárìn wà níwájú àga náà, bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tẹlifíṣàn ńláńlá mẹ́ta sì dúró yí i ká bíi fèrèsé. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ yìí, ìlú kan á yọ: títì, ilé, igi, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, òjò nígbà mìíràn, àti àwọn ènìyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìlú náà kò sí níbì kankan láyé. Ọkùnrin kan ló jókòó ti kọ̀ǹpútà tó yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ayàwòrán ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, títí tí àwọn mìíràn fi gbàgbé pé ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹni tí kì í pariwo ni Ayàwòrán. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun sì ti ń sá lórí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé àwọn ẹbí máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní bóyá àná ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni ìyàwó náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gbé awò sójú oníbàárà, tí á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn etí kó má baà máa yọ̀ bọ́. Àìsàn tó mú un lọ kò tiẹ̀ jọ àìsàn níbẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ó ní orí ń fọ́ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà ti jáde wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ayàwòrán padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ló tún fẹ́ ṣe nílé? Ilé náà ti di ibi tí ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ń já a láyà. Lórí bẹ́ẹ̀dì, apá tirẹ̀ ló ṣì ń sùn sí, kì í ré kọjá àárín. Ó máa ń tan rédíò sílẹ̀ kó tó jáde, kí ohùn kan lè wà nínú ilé nígbà tó bá máa ṣílẹ̀kùn wọlé.

Nígbà tí ó yá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kó fi ènìyàn tuntun kún ìlú inú ẹ̀rọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ sórí. Wọ́n ti mọ̀ pé bàbá oníjákẹ́ẹ̀tì á yọ lápá ọ̀tún, pé ọlọ́mọ méjì á dúró. Ayàwòrán jókòó, ó ya ọkùnrin kan, ó ya ọmọ ilé-ìwé kan. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣí fídíò kan tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ń sọdá títì, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká. Ó dé àárín ọ̀nà, ó gbọ́wọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tó dúró fún un. Nígbà tó sọdá tán, ó yí ojú padà wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ òun ń bọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ya ìrìn ìyàwó rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń yà síta díẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé e síbi tí wọ́n kun funfun sí lójú títì fún ẹlẹ́sẹ̀. Obìnrin náà sọdá, ó dúpẹ́, ó wẹ̀yìn. Ó tún padà, ó tún sọdá. Ayàwòrán jókòó síwájú rẹ̀ títí tí wọ́n fi wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà wá tún bíréèkì ẹ̀rọ ṣe. Ọkùnrin aláwàdà ni Ẹnjiníà, kì í lè fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi.

"Ọ̀gá mi," ó ní láti abẹ́ àga, "àwọn èèyàn tẹ́ ẹ yà yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà làwọn wà?"

"Àwòrán ni wọ́n. Wọn ò mọ nǹkan kan."

"Tòní nìyẹn. Ẹ rántí bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nígbà tá a wà lọ́mọdé, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe rí báyìí. Tó bá yá, wọ́n á máa ronú, wọ́n á máa fẹ́yàwó, wọ́n á máa bínú síra wọn. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ti rò ó jìnnà. Wọ́n ní téèyàn bá lè ṣe irú ayé bẹ́ẹ̀ kan, kò ní dúró lórí ẹyọ kan, á máa ṣe é lọ ràì ni. Ayé tí wọ́n fọwọ́ ṣe á wá pọ̀ ju ojúlówó lọ fíìfíì. Ta ló wá sọ fún wa pé èyí tá a wà nínú ẹ̀ yìí ni ojúlówó?"

Ayàwòrán mi orí. "Ìwọ nìkan lo mọ ibi tó o ti ń gbọ́ irú nǹkan báyìí."

"Òótọ́ ni mò ń bá yín sọ! Ẹni tó ya ẹ̀yin gan-an, nígbà tó fi máa dórí irun, yíǹkì ẹ̀ ti tán."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ayàwòrán, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára nìyẹn, pẹ̀lú àwàdà, kò sì fura.

Nínú àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ nígbà náà, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń gbá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì kó tó sọ pé òun náà fẹ́ wà á. Àwọn yòókù, bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti kúrò níwájú ọkọ̀ báyìí, wọ́n á ti tẹná. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ á dúró títí obìnrin oníbáàgì á fi gun orí òkúta etí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó yà sọ́dọ̀ Ayàwòrán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Obìnrin tó ń sọdá yẹn mọ̀wàá hù. Gbogbo àwọn tó kù ń rìn bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbé. Òun nìkan ló máa ń kí mi. Ta lẹ wò tẹ́ ẹ fi yà á?"

"Mi ò wo ẹnì kankan, Ìyá Ìbejì. Mo kàn yà á ni."

Irọ́ náà já geere lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ó dùn ún bí ẹni pé ó ti sẹ́ ìyàwó rẹ̀ níwájú èrò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, olùkọ́ wọn tan òjò sínú ìlú náà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí títì ṣe ń yọ̀. Ayàwòrán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí òjò rẹ̀ ṣe ń rọ̀. Ìyá Ìbejì ló wà lórí àga. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni o, bóyá ọkàn rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, bíréèkì pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin oníbáàgì ti dé àárín ọ̀nà, ó ti ń gbọ́wọ́ sókè. Ìró kan dún, gbì. Ayàwòrán mọ ìró náà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló na ìrọ̀rí kan nínú yàrá rẹ̀ láti rí i gbà sílẹ̀.

Tẹlifíṣàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n wẹ̀ẹ̀, wọ́n ṣókùnkùn, ìlú náà sì tún yọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà dúró sétí ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà léjìká, aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó bọ́ sójú títì. Ó dé àárín, ó gbọ́wọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á.

Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. "Mo ti pa á."

"Ẹ̀yin náà, Ìyá!" Ẹnjiníà tó wà nítòsí fi í rẹ́rìn-ín. "Àwòrán mà ni. Ẹ wò ó, ó ti dìde."

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn," obìnrin náà ní. "Kò mọ̀ pé mo pa òun."

Ayàwòrán wọnú yàrá rẹ̀, ó tìlẹ̀kùn. Ọjọ́ tí dókítà jáde wá bá a ló padà sí i lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, ohunkóhun kò pọ́n, ohunkóhun kò ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnnì kí ayé padà sí àárọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tún dìde kó ní orí ń fọ́ òun, kí òun sì tètè gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ìyẹn á jẹ́ pé ayé yìí kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rò ó ni òmíràn tún ń jáde. Obìnrin inú ẹ̀rọ náà kò kúkú mọ̀ pé wọ́n ti dá òun padà. Tí wọ́n bá ti dá òun náà padà lẹ́ẹ̀kan, tàbí nígbà àìmọye, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀? Bóyá ayé kan wà níbì kan tí orí kò fọ́ ìyàwó òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ó wà nílé báyìí, tó ń bá òun jà lórí iná tí òun gbàgbé láti pa. Bóyá nínú òmíràn, òun lòun kú, tó jẹ́ pé ìyàwó òun ló ń tan rédíò sílẹ̀ kó tó jáde.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ayé bó ṣe ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Igi ẹyọ kan ló yà, tó wá tò ó káàkiri ìlú inú ẹ̀rọ. Ó wo igi etí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wọn jọ ara wọn. Obìnrin kan wà ní ibùdókọ̀ tó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ló ń yán ní ojúkan náà. Ọkùnrin kan máa ń tún okùn bàtà rẹ̀ so níwájú ilé epo. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, lẹ́yìn náà ló wá rí ìtura kan nínú rẹ̀. Ó dá ìkíni dúró. Ó ń yà fún ènìyàn lọ́nà bí ẹni ń yà fún òpó iná. Ó rò pé tí òun bá ti gbà pé kò sẹ́nikẹ́ni, kò ní dun òun mọ́ pé òun ò lẹ́nikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn ún. Oúnjẹ kò wù ú, ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ̀, ó sì ń sun oorun ẹni tí wọ́n lù.

Bàbá kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí Ayàwòrán ń gbé. Baba Alájá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ajá rẹ̀ kan tó ti darúgbó bíi tirẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni bàbá náà ń sọ: "Ọ̀rẹ́ mi, ojú ọjọ́ tòní dáa o." Tí oòrùn bá ń ràn, ó dáa. Tí òjò bá ń rọ̀ tí ajá ń gbọn omi dànù lára, ó dáa náà ni. Ayàwòrán pinnu láti dán an wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí bàbá ṣe sọ tirẹ̀ tán, ó fi ojú líle dá a lóhùn:

"Baba, ilé mi ti jóná."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀," bàbá ní, ó sì fa ajá rẹ̀ lọ.

Bí àwòrán inú ẹ̀rọ gan-an ni bàbá náà ṣe dáhùn. Ayàwòrán kò lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu géètì títí bàbá fi padà dé, ó dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Baba, kí ni mo sọ fún yín láàárọ̀?"

Bàbá wolẹ̀. "Mi ò gbọ́."

"Ẹ dá mi lóhùn mà!"

"Mo dá ẹ lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tó o sọ. Tí mo bá ti sọ ti ojú ọjọ́ tán, ńṣe ni mo máa ń sá lọ." Ó ká okùn ajá mọ́ ọwọ́. "Nígbà tí ìyàwó ẹ kú, mo gòkè wá kí ọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ bó o ṣe ń sunkún, mo bá rọra padà. Lọ́jọ́ kejì, ojú ń tì mí pé mi ò wọlé lánàá. Ló bá di ọ̀sẹ̀, ló bá di oṣù. Báwo lèèyàn ṣe ń kíni kú àjálù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ìyàwó ẹ ló gbé awò yìí sójú mi, o gbọ́? Ó ní imú mi kò jọ imú ẹnikẹ́ni. Tí mo bá rí ẹ báyìí, ẹnu mi á kún, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan ló sì máa ń jáde."

Ayàwòrán yà kúrò lọ́nà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, bàbá náà jókòó tì í, ajá dùbúlẹ̀ sáàárín wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún bàbá: ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà, igi tó jọra, ayé tó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ló wà.

Bàbá rò ó dáadáa. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnì kan ló yà mí lóòótọ́, oníṣẹ́ ńlá mà ni o. Ó yà mí títí dórí ìtìjú. Kí ló fẹ́ fi ìtìjú mi ṣe?"

Ayàwòrán ro ti àwọn ènìyàn inú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn tí òun yà kì í tijú. Òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìtìjú.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ẹnjiníà mú ìròyìn pàdé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ra ìlú tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kan, ìlú tó ní afárá àti ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n máa pa ti Ayàwòrán rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. "Ẹ kó ohun tó bá wù yín pamọ́, ọ̀gá mi," ó ní, kò sì ṣàwàdà kankan.

Lákòókò ìsinmi ọ̀sán, tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, Ayàwòrán wọ yàrá ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì jókòó sórí àga dírẹ́bà rí. Ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ, ó wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ gba àárín ìlú tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ jáde. Ó dé ibi tí wọ́n kun funfun, ó dúró. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sójú títì, ẹsẹ̀ òsì ń yà síta. Ó dé àárín, ó gbọ́wọ́ sókè. Ayàwòrán tẹ̀ síwájú láti pàdé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò bọ́ sára rẹ̀. Ó ń wo òkè orí rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ojú dírẹ́bà tó ga jù ú lọ ì bá wà.

Nígbà náà ló sọdá tán, tó sì wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Títì òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ayàwòrán kò tíì rò ó rí. Ó ya ìyàwó rẹ̀ tán pátápátá, kò ya ara rẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tó ti ń sọdá yìí, nínú oòrùn àti òjò, òun nìkan ló ń dá rìn, tó ń wẹ̀yìn wo ọkọ tí kò sí nínú ayé rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá òfìfo: "Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ. Má bínú."

Ó lè ya ara rẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa yà yẹn á máa tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ tìdùnnú-tìdùnnú, kò sì ní mọ̀ pé obìnrin náà ti kú. Òun tó mọ̀ á ṣì jókòó síhìn-ín. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá obìnrin náà rí láàárín àwọn yòókù, kò sì kó o pamọ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú pé kí wọ́n pa èyí rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí bọ́tìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò obìnrin kan tó ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Ayàwòrán kò gbé ìpè rẹ̀ rí, kò sì débẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ náà, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

 Ohùn náà nìyẹn, ohùn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ báyìí? Ẹ ti pa mí tì. Èmi náà kò lẹ́nikẹ́ni mọ́, ṣé ẹ mọ̀?"

"Ohùn ẹ ni," ó ní. "Mi ò lè gbọ́ ohùn ẹ."

 Àbúrò náà rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá: "Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni?"

Ẹ̀rín àti ẹkún gbá Ayàwòrán mú lẹ́ẹ̀kan náà. "Rárá. Máa sọ̀rọ̀. Sọ ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu ẹ."

Ó jókòó sáàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́, obìnrin náà ń lọ aṣọ, ó sì ń sọ̀rọ̀: áyọ́ọ̀nù tó ń jó aṣọ, oníbàárà tó ní kọ́là òun kò le tó, eyín tó ń dùn ún. Lákọ̀ọ́kọ́ Ayàwòrán dijú, kó lè jẹ́ ohùn nìkan ló kù. Àmọ́ àbúrò náà wúkọ́, ikọ́ tí kò jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá, ó bá lajú. Obìnrin mìíràn ló dúró níwájú rẹ̀, ó ti rù, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú láàárín ṣẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì.

"Ṣé ẹ rò pé ẹ̀gbọ́n mi ń rí wa?" ó bi í.

"Mi ò mọ̀," Ayàwòrán ní. "Mo ti rò ó títí, mi ò mọ ibi tá a wà gan-an."

"Ilé mi la wà," obìnrin náà ní. "Ẹ ò tíì jẹun."

Ó jẹun níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, obìnrin náà di oúnjẹ sínú abọ́ aláwọ̀ búlúù kan fún un, ó ní kó má bá òun sọ abọ́ náà nù. Ayàwòrán délé, ó ṣílẹ̀kùn. Yàrá dákẹ́, bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ oúnjẹ náà lórí ìdúró nínú kíṣìnnì, ó fọ abọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí kò ti ní gbàgbé rẹ̀.